Winchester 1886 tí ọ̀pá ẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí sí ara ẹ̀: bí a ṣe dá iye lé e

Ìbọn tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, Winchester Model 1886 ni, ìbọn ọdẹ onílífà (lífà ni irin abẹ́ ẹ̀ tí èèyàn ń tì síwájú tó sì ń fà padà kí ọta tuntun lè wọlé) tí wọ́n ṣe ní New Haven, ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Bọ̀dá kan ló jogún ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn. Dílà kan, ìyẹn ẹni tó ń ra ìbọn tó sì ń tà á, ti wò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá ẹ̀, pé nǹkan tí wọ́n ti fọwọ́ bà jẹ́ ni, owó tó pè sì kéré gan-an. Ẹlòmíì wá rí fọ́tò ẹ̀, ó pariwo pé há, ìbọn ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní Fifty Express (.50 Express) rèé, irú ẹ̀ wọ́n bí ojú, kí wọ́n má tà á àfi tí ẹni tó fẹ́ rà á bá san ìlọ́po márùn-ún iye tí dílà yẹn pè. Bọ̀dá wá bi mí pé, "Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?" Mo ní kí wọ́n má tíì gba ẹnì kankan gbọ́, ká kọ́kọ́ yẹ ìbọn náà wò láti ìdí títí dé ẹnu.

Àwọn méjèèjì ò purọ́ o. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn mú ibì kan ṣoṣo lára ìbọn, ó fi ibẹ̀ dá ẹjọ́ gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iye ìbọn àtijọ́ ò sí níbì kan ṣoṣo, ohun tí mo máa ń wá ni bóyá ọ̀pá, fíréèmù (irin àárín tí lífà so mọ́), igi, sikúrù àti ìwé bá ara wọn dàgbà, àti pé tí ọ̀kan ò bá bá ìyókù dàgbà, ta ló mú un wá, ìgbà wo ló mú un wá, ẹ̀rí wo ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa irú ìbọn tó jẹ́ ná. John Moses Browning àti Matthew àbúrò ẹ̀ ló ronú ẹ̀ jáde ní Ogden, ní Utah, wọ́n gba páténtì ẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1884, Winchester ra ẹ̀tọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Model 1876 tó wà kó tó dé, inú ẹ̀ kúrú, kò lè gba ọta .45-70 tó gùn (nọ́mbà àkọ́kọ́ ni bí ọta ṣe fẹ̀ tó, èkejì ni bí ẹ̀tù ẹ̀ ṣe pọ̀ tó), ìdí nìyẹn tí 1886 fi di nǹkan ńlá lójú àwọn ọdẹ tó ń lé béárì àti àwọn ẹranko ńlá, torí irin méjì tó dúró gbọọrọ ló máa ń gòkè wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa tí èèyàn bá ti lífà, ó le gan-an. Wọ́n ṣe é títí di 1935, iye tí wọ́n ṣe jáde sún mọ́ 160,000. Nítorí náà 1886 fúnra ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ò lè rí rà, ohun tó máa ń gbé owó ẹ̀ sókè ni ohun tí oníbàárà àkọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe sí i, torí nígbà yẹn, tí èèyàn bá ti lè san àfikún owó, Winchester á ṣe é bó ṣe fẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀, ọ̀pá ẹ̀ jẹ́ ínṣì 26, ó róbótó látòkè délẹ̀ tàbí kó jẹ́ onígun mẹ́jọ látòkè délẹ̀, túùbù tó ń gba ọta á bá ọ̀pá lọ títí dé ẹnu, ọrùn igi ẹ̀ á nà gbọọrọ, irin ìdí ẹ̀ á tẹ̀ wọnú. Ti bọ̀dá yìí yàtọ̀ síyẹn pátápátá. Ìdajì ọ̀pá ẹ̀ láti ẹ̀yìn jẹ́ onígun mẹ́jọ, ìdajì iwájú wá róbótó. Túùbù ẹ̀ ò ju ìdajì ọ̀pá lọ. Ọrùn igi ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ìbọn àfọwọ́yìn, wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ sí i kọ́wọ́ má baà yọ̀, igi náà dára gan-an, àwọn iṣan inú ẹ̀ ń yí lọ yí bọ̀ lábẹ́ vánìṣì, irin ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ṣọ́tígọ́ọ̀nù. Ó tún ní ìfà tí èèyàn lè tì síwájú kó tó fà á, tó bá ti tì í bẹ́ẹ̀, kíún báyìí ló máa fọwọ́ kàn án tí ìbọn á fi dún, sikúrù kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fi ń tún un tò. Òǹtẹ̀ tó wà lórí ọ̀pá sọ pé .50 Express ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe owó, mo ní kí bọ̀dá dojú ẹ̀ kọ ibi tí kò séwu, kí wọ́n ṣí lífà, kí wọ́n wo inú ilé ọta, kí wọ́n tún wo inú túùbù. Ìbọn tó ti wà ní kọ̀rọ̀ ilé láti ìgbà bàbá, ọta máa ń wà nínú ẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eré ṣe èyí. Mo tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yìn ín, ọta .50-110 yìí, tó jẹ́ .50 Express kan náà, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún, géréènì 110 ẹ̀tù (géréènì ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta) àti ọta tó wúwo tó géréènì 300, ẹni tó bá lọ ki ọta alágbára òde òní sínú ìbọn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ń fi ojú àti ọwọ́ ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ni àwọ̀. Mo gbé ìbọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí i pé aró dúdú tó wà lára ọ̀pá ṣì pọ̀, ó tó ìdajì dáadáa, ó tún ń dán láàárín àwọn igun ẹ̀, àmọ́ túùbù tó wà lábẹ́ ọ̀pá náà gan-an, tó yẹ kí wọ́n jọ jẹ ìyà òjò àti òógùn ọwọ́, ti ṣí pátápátá, ó ti di àwọ̀ eérú tó ń lọ sí búráùn. Irin méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, tí wọ́n jọ wọ igbó kan náà, kò yẹ kí ọ̀kan fi bẹ́ẹ̀ gbó ju èkejì lọ. Ibí yìí ni dílà yẹn ti rí ohun tó rí, òótọ́ ló sì rí, ọ̀pá yẹn kéré lọ́jọ́ orí sí túùbù.

Mo wá lọ sórí fíréèmù. Fíréèmù 1886 títí di 1901, wọn kì í sábà kùn ún ní dúdú, wọ́n máa ń kó o sínú èédú egungun, wọ́n á gbé e sínú iná tó gbóná gan-an, wọ́n á wá tì í bọ omi, ohun tó máa jáde ni àwọ̀ búlúù, búráùn àti eérú tó dà pọ̀ bí ìkùukùu. Lẹ́yìn 1901 ni dúdú wá di ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Àwọ̀ yẹn kì í pẹ́ ṣí, ọwọ́ tó ń gbé ìbọn níbi àárín lójoojúmọ́ á fọ̀ ọ́ dànù. Ti bọ̀dá yìí ti di fàdákà níbi tó pọ̀ jù, àmọ́ mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ hámà, mo wo etí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ki ọta gbà, mo wo abẹ́ lífà níbi tó máa ń bo irin mọ́lẹ̀, búlúù àti búráùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú mi dùn gan-an sí èyí. Ẹni tó bá tún fíréèmù kùn kò ní fi àwọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún fi gíláàsì wo etí àwọn lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, wọ́n ṣì mú, wọn ò yọ́, àwọn igun mẹ́jọ ẹ̀yìn ọ̀pá ṣì gún régé, ihò sikúrù ò sì kó sínú bí àwo. Tí wọ́n bá ti fi sáńpépà tàbí ẹ̀rọ pálíìṣì kan ìbọn rí, àwọn ibi mẹ́ta yìí ló kọ́kọ́ máa ń tú wọn fó.

Orí sikúrù kan ti ya níbi tẹ́nì kan ti fi sikúrúdíráfà tó tóbi jù tú u. Ihò kékeré méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì fíréèmù, wọ́n ti fi sikúrù dí i. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí. Ní ẹ̀yìn ọ̀pá, níbi tó ti wọnú fíréèmù, òǹtẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, lẹ́tà W àti P tó wọnú ara wọn, wọ́n fi ìlà róbótó gígùn yí i ká. Òǹtẹ̀ tí Winchester fi ń sọ pé àwọn ti fi ọta alágbára dán ìbọn wò nìyẹn, ọdún 1905 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Nọ́mbà fíréèmù yìí sì jẹ́ ti àwọn ọdún 1890. Dílà fi èyí ṣe ẹ̀rí, ó ní ọ̀pá tó dé lẹ́yìn 1905 ò lè jẹ́ ti fíréèmù àwọn ọdún 1890, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Títí débí, òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Àmọ́ kò wo orí fíréèmù. Mo nu eruku tó wà lókè ibi tí ọ̀pá ti wọlé, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ àti epo díẹ̀, mo rí òǹtẹ̀ WP kejì lórí fíréèmù fúnra ẹ̀, ó ti ṣí díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Ẹ wò ó, ìyàtọ̀ tí èyí ṣe pọ̀. Tí alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní ìlú kan bá ra ọ̀pá Winchester, tó gbé e wọ ìbọn fún oníbàárà ẹ̀, kò sóun tó máa gbé WP dé orí fíréèmù, torí ìbọn náà ò padà sí New Haven. Àwọn ọ̀pá tí Winchester máa ń tà lọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, P nìkan ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí i nínú ìlà róbótó. Ti bọ̀dá yìí ní WP lórí ọ̀pá, ó ní WP lórí fíréèmù. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ìbọn àwọn ọdún 1890 yìí padà sílé iṣẹ́ tó ṣe é lẹ́yìn 1905, wọ́n gbé ọ̀pá tuntun wọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọ́n yìn ín wò, wọ́n wá tẹ òǹtẹ̀ sí ibi méjèèjì kí wọ́n tó dá a padà fún olówó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "wọ́n ti bà á jẹ́".

Ó wá ku igi. Àwọn igi olówó ńlá yìí, àwọn tó fẹ́ sọ ìbọn lásán di ìbọn àkànṣe máa ń fi wọ́n ṣe jìbìtì, wọ́n á wá igi tó dára láti ara ìbọn tó ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e wọ ara èyí tó wọ́pọ̀, iye á fò sókè lójijì. Àmọ́ nígbà tí Winchester bá ń ṣe ìbọn àkànṣe, igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gé bá fíréèmù kọ̀ọ̀kan mu, kí wọ́n má baà pààrọ̀ wọn lórí tábìlì, wọ́n máa ń tẹ nọ́mbà kékeré kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ìrù fíréèmù nísàlẹ̀, sínú igi níbi tí irin máa ń bò, àti sẹ́yìn irin ìdí. Nọ́mbà yìí yàtọ̀ sí nọ́mbà ìbọn. A tú ìdí ìbọn náà pẹ̀lú sikúrúdíráfà tó bá ojú sikúrù mu gẹ́lẹ́, mo fà á yọ díẹ̀díẹ̀, ibi tí igi àti irin ti fara kanra dúdú nítorí epo tó ti gbẹ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, nọ́mbà mẹ́ta náà sì bá ara wọn mu. Igi yẹn, ti ìbọn yẹn ni. Tẹ́ẹ bá tún fi ìka tọ ibi tí igi ti pàdé irin, igi ga ju irin lọ díẹ̀ kíún, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí igi tí wọ́n ti fi sáńpépà ha á máa lọ sílẹ̀ ju irin ni.

Ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí pé bóyá wọ́n kàn lu ọ̀pá .40 kó tóbi di .50, torí irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ tí inú ọ̀pá bá ti dógùn-ún jù. Fún èyí, fọ́tò ò lè ran èèyàn lọ́wọ́. Irin rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Cerrosafe, kò gbóná tó omi híhó kó tó yọ́, ó máa ń yọ́ láàárín 70 sí 88 dígírì, èèyàn á fi òwú dí ọ̀pá díẹ̀ síwájú ilé ọta, á yọ́ irin náà, á rọra dà á síbẹ̀ láti ẹ̀yìn, tó bá ti le á tì í jáde kó tó pẹ́ jù. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, á ti padà sí ìwọ̀n ilé ọta gẹ́lẹ́, ìgbà yẹn la máa wọ̀n ọ́n. Ohun tó jáde gùn tó ínṣì 2.4, ó lọ tààrà láìsí èjìká kankan, bẹ́ẹ̀ ọta .40-82 máa ń ní ọrùn tó sún kì, ibi ìlà inú ọ̀pá sì sún mọ́ 0.512 ínṣì, ìwọ̀n .50-110 gidi nìyẹn. Inú ọ̀pá ní àmì ìpẹtà díẹ̀ nítòsí ẹnu, àmọ́ àwọn ìlà tó ń yí ọta ṣì ga, wọ́n ṣì mú.

Kí ló dé tí mo fi ń dárúkọ .40-82 ṣáá? Nítorí lẹ́tà tó dé láti Cody.

Ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ Winchester wà ní Cody Firearms Museum, nínú Buffalo Bill Center of the West, ní Cody, ìpínlẹ̀ Wyoming. Ti Model 1886, àkọsílẹ̀ wọn lọ láti nọ́mbà 1 títí dé 156599, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀. Èèyàn á san owó, á fi nọ́mbà ìbọn ránṣẹ́, wọ́n á kọ ohun tó wà nínú ìwé fún un: ọjọ́ tí wọ́n tẹ nọ́mbà, ọjọ́ tó wọ sítọ́ọ̀, ọjọ́ tó jáde, sáìsì ọta, irú ọ̀pá, irú ìfà, àti bóyá ó padà wá fún àtúnṣe. Àwọn tábìlì nọ́mbà tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi wọ́n dá ẹjọ́ tí owó ńlá bá wà ńbẹ̀, ọdún tí wọ́n máa ń fúnni lè yàtọ̀ sí ti ìwé ilé iṣẹ́. Mo ní kí bọ̀dá san owó lẹ́tà yẹn kí wọ́n tó ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ́ra, wọ́n ní, "Ìwé lásán ni màá lọ fowó rà?" Mo ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó, láìsí ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ tèmi àti ọ̀rọ̀ dílà, ẹnu ni gbogbo ẹ̀.

Lẹ́tà dé. Ó sọ pé nígbà tí ìbọn yìí jáde ní àwọn ọdún 1890, .40-82 ni, ọ̀pá onígun mẹ́jọ ìdajì, túùbù ìdajì, ìfà àkànṣe, ọrùn tó tẹ̀ wálẹ̀ tó ní ìlà fínfín, ìdí ṣọ́tígọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn èyí, ìlà kan tún wà níbẹ̀, R&R, pé ó padà wá fún àtúnṣe, ọjọ́ tó wà níwájú ẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn 1905. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ò sí nínú ìwé, wọn kì í sábà kọ ọ́. Àmọ́ òǹtẹ̀ méjì yẹn ti sọ ìyókù, ọjọ́ inú ìwé àti WP orí irin bá ara wọn pàdé. Ó wù mí gan-an bí wọ́n ṣe bára mu. Kódà ìdí tí àtúnṣe yẹn fi rọrùn hàn kedere, etí ìdí ọta .40-82 àti ti .50-110 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, gígùn wọn náà jẹ́ ọ̀kan, túùbù àtijọ́ lè máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí túùbù fi gbó tí ọ̀pá ò gbó. Olówó ìbọn náà, ó dájú pé ó fẹ́ ọta tó wúwo jù, ó fẹ́ràn bí ìbọn ẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá ní kí wọ́n ṣe ọ̀pá tuntun ní bátànì àtijọ́.

Iye wá ńkọ́? Mi ò ní pe owó, owó ń yí padà, àmọ́ mo lè fi ìdá sọ ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ fún bọ̀dá. Ká ní ìbọn kan náà yìí, .40-82 tó wà bó ṣe jáde, àwọ̀ ẹ̀ bí èyí, jẹ́ ọgọ́rùn-ún. .40-82 wà lára àwọn sáìsì tó wọ́pọ̀ nínú 1886, gbogbo àkànṣe yòókù ló gbé e dé ọgọ́rùn-ún yẹn. Tí ìwé bá sọ pé .50 Express ló jáde, á kọjá ọgọ́rùn-ún dáadáa, èyí ni ẹni tó wo fọ́tò ní lọ́kàn, kò sì lè rí i gbà torí kò sí ìwé tó máa gbè é. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pá tí wọ́n rà lọ́tọ̀ ló wà lórí ẹ̀, láìsí WP lórí fíréèmù, láìsí R&R nínú ìwé, èmi ò ní gbé e kọjá ogójì, ibẹ̀ ni dílà fi sí. Èyí tó wà níwájú wa, mo fi sí àárín àádọ́rin sí ọgọ́rin. Mo yọ nítorí ọ̀pá kì í ṣe ti àkọ́kọ́, mo tún yọ díẹ̀ nítorí ihò méjì ẹ̀gbẹ́ fíréèmù tí ìwé ò mẹ́nu bà àti sikúrù tó ya. Mo dá díẹ̀ padà torí ilé iṣẹ́ ló ṣe é, ẹ̀rí wà, ọta náà sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan tó ń kó Winchester jọ ò ní gbà pẹ̀lú mi, wọ́n máa ní ohun tó bá ti kúrò ní bó ṣe jáde ti kúrò, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ nǹkan tí mo rí nínú owó tí àwọn èèyàn san gidi ò gbè wọ́n délẹ̀.

Owó tí wọ́n san, mo tẹnu mọ́ ọn fún bọ̀dá. Iye tí èèyàn kọ sórí ọjà ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìfẹ́ ọkàn ẹ̀ ni. Àwọn ilé gbàǹjo bíi Rock Island Auction àti Morphy máa ń fi èsì àwọn gbàǹjo tó ti kọjá hàn pẹ̀lú fọ́tò, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wá 1886 tó jọ ọ́, kí wọ́n rántí pé iye tí wọ́n ń fi hàn sábà máa ń ní owó tí ẹni tó rà á san fún ilé gbàǹjo nínú, ẹni tó tà á tún máa san ti ẹ̀, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló máa wọ àpò. Kí wọ́n sì wo bí àwọ̀ ṣe pọ̀ tó lára ìbọn tí wọ́n fi ń wé e. Nínú ìlànà tí NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn Amẹ́ríkà, fi ń ṣàpèjúwe ìbọn àtijọ́, Excellent gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọ̀ àkọ́kọ́ lọ, Fine ju 30 lọ, Very Good ni láti 30 wá sísàlẹ̀. Ọ̀pá tiwa jẹ́ Fine, fíréèmù jẹ́ Very Good, kò ní dáa kí ẹnikẹ́ni fi ti ọ̀pá pe gbogbo ìbọn.

Ohun kan tún wà tó gbè wọ́n. Lábẹ́ òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti 1968, ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú jẹ́ àtijọ́ lójú ìjọba àpapọ̀, fíréèmù ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́ orí ẹ̀, ọ̀pá tó dé lẹ́yìn ò yí i padà. Lẹ́tà Cody fi ọjọ́ fíréèmù múlẹ̀. Àwọn tó lè rà á á pọ̀ sí i nìyẹn, torí ó rọrùn láti gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ òfin ìpínlẹ̀ tiwọn wò, òmíràn le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ, orílẹ̀-èdè mìíràn sì ní òfin tiẹ̀.

Bọ̀dá fẹ́ kí n bá àwọn fọ ìdọ̀tí ara ẹ̀ kúrò, kí àwọn tún un kùn kó lè dán kí wọ́n tó gbé e lọ ta. Mo fi ohùn líle sọ fún wọn pé rárá o. Búráùn tó wà lára túùbù yẹn, eérú tó wà lára fíréèmù, àwọn ló ń jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan irin yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá fi pálíìṣì kan án, ìdajì iye lè lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Epo ìbọn díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀, kí wọ́n nu ún, ó tó. Sikúrù tó ya yẹn gan-an, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, sikúrù tuntun á pariwo ju èyí tó ya lọ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò.

Wọ́n ya fọ́tò òǹtẹ̀ WP méjèèjì ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, wọ́n ya nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti igi, wọ́n ya ihò méjì yẹn náà, mo ní kí wọ́n má fi pamọ́, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà Cody ránṣẹ́ sí dílà àkọ́kọ́ pé ṣé ó fẹ́ tún iye ẹ̀ pè. Ó pe bọ̀dá lọ́jọ́ kejì, iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó ti pè tẹ́lẹ̀, ó sì ní òun ò tíì rí WP orí fíréèmù nígbà tóun wò ó. Bọ̀dá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò tà á fún un. Inú gbàǹjo tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ níbẹ̀ ni pé .40-82 ló jáde, ilé iṣẹ́ sọ ọ́ di .50 Express lẹ́yìn 1905, lẹ́tà wà, iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà ni wọ́n sì fi sí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tí mo sọ.